Ẹni tí Ó Yẹ kí Ó Kọ́ Ọmọ ní Ìjà Ẹ̀ṣẹ́

Ìwọ òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, pé ẹni tí ó bá mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ jà jùlọ ni ó mọ̀ ọ́n kọ́ni jùlọ. Irọ́ ni, irọ́ tí ń ṣe ọmọ ènìyàn léṣe sì ni. Èmi kò kan ẹ̀ṣẹ́ rí ní ọjọ́ ayé mi. Olùkọ́ ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkọ́ni ni ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà mo ní ẹnu láti sọ ọ́.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí èbúté Tin Can Island. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté náà, nítorí pé ní 1975 ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté Àpápá kò fi lè gbà wọ́n. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ jù ú lọ, àwọn kan nínú wọn a sì máa wo ìkúùkù ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí òkè òkun. N kò bá wọn wí. Láti ilẹ̀ wa ni Hogan Bassey àti Dick Tiger ti lọ sí Liverpool ní àwọn ọdún 1950, àwọn méjèèjì sì di aṣíwájú àgbáyé. Títí di òní, títì kan wà ní Àpápá tí a ń pè ní Liverpool Road. Ó dà bí ẹni pé ó ń pe àwọn ọmọ náà lórúkọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òbí kan ní àdúgbò náà ní kí n wá bá wọn jókòó láti yan olùkọ́ fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́rìnlá tí ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ nínú àgbàlá kan, lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà ń dúró sí. Ọkùnrin méjì ni ó wá síwájú wa. Èkíní ti gba ìgbànú rí; àyà rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ ròkè, "Ṣáńpíọ̀nù" ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Èkejì jẹ́ ẹni tí a ti nà ju iye ìgbà tí ó nani lọ. Mo bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: "Ìjà wo ni o kò lè gbàgbé?" Ṣáńpíọ̀nù sọ bí òun ti fọ́ ẹnìkan ní párì. Èkejì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bàbá, èyí tí wọ́n ti nà mí ní abala karùn-ún ni. Bí ó bá ti rẹ̀ mí, ọwọ́ òsì mi a máa wálẹ̀ kí n tó fà á padà sẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọ kan tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, ni mo tó mọ ohun tí ó ṣe èmi náà." N kò tí ì sọ èrò mi tán tí àwọn òbí ti na ọwọ́ sókè fún ìgbànú.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo lọ, ẹnìkan wà láàárín wa tí ìṣirò rọrùn fún bí ẹni mu omi. Nígbà tí wọ́n rán an jáde láti lọ dán ìkọ́ni wò, gbogbo ọmọ tí kò tètè mọ ìṣirò di ọ̀tá rẹ̀. Kò yé e bí nǹkan ṣe lè má yé ènìyàn. Èmi tí mo ti sunkún lórí ìṣirò, mo mọ ibi tí ọmọ yóò ti kọsẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ó ti ṣubú, tí ó sì ti wo ẹ̀yìn, òun ni mo fẹ́ fi ọmọ lé lọ́wọ́.

Má ṣì mí gbọ́. N kò wí pé kí a máa wá ẹni tí a ti nà kiri ìgboro. Ẹlòmíràn ti ṣubú nígbà ogún láìwẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá bi í, rẹfirí ni ó jẹ̀bi, tàbí oògùn ọ̀tá.

Wo Eddie Futch ní Amẹ́ríkà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Detroit, ó ń jà, ó tilẹ̀ ń bá Joe Louis dánra wò, ṣùgbọ́n àwọn dókítà rí àìlera nínú ọkàn rẹ̀, kò sì lè fi ìjà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Kò gba ìgbànú kankan. Síbẹ̀ òun ni ó wà lẹ́yìn Joe Frazier ní Manila ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1975, nígbà tí Frazier àti Muhammad Ali fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn. Abala mẹ́rìnlá ti kọjá, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ojú Frazier ti wú dí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ dìde. Futch kọ̀ fún un, ó sì dá ìjà dúró.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Bàbá, ẹ fi àwọn ará Amẹ́ríkà sílẹ̀. Hogan Bassey ńkọ́? Ṣebí aṣíwájú àgbáyé ni kí ó tó di olùkọ́?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà, nítorí kò sí ìtàn tí ó ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn tó ti Bassey. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1957, ní Paris, ó na Cherif Hamia, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ aṣíwájú àgbáyé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ní ìwọ̀n tí a ń pè ní featherweight. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ka ìtàn rẹ̀ dé, wọn a sì pa ìwé dé. Jẹ́ kí a ṣí ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹta ọdún 1959, ní Los Angeles, ó bá Davey Moore jà. Lẹ́yìn abala kẹtàlá, kò jáde kúrò ní igun rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹjọ wọ́n tún pàdé. Lẹ́yìn abala kẹwàá, ìjà tún parí ní igun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó sì fi ìjà sílẹ̀. Ó padà wálé, ó di olùkọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wa. Ní Tokyo ní 1964, Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, èyí tí ó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe Bassey ti Paris. Bassey ti Los Angeles ni. Obisia Nwankpa pẹ̀lú, ní 1981, ní Èkó níhìn-ín, bá Saoul Mamby jà fún ìgbànú àgbáyé, kò rí i gbà. Ó sì di olórí olùkọ́ fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ olùkọ́ ẹ̀ṣẹ́ ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ọmọ kan wà tí ń di èémí mú nígbà tí ó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́. Yóò rẹ̀ ẹ́ ní abala kejì, òmùgọ̀ olùkọ́ yóò sì pè é ní ọ̀lẹ. Òmíràn ń gbé àgbọ̀n sókè nítorí ìbẹ̀rù, a ó sì wí pé orí kunkun ni ó ní. Ẹni tí ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ní gbogbo ìgbà kò lè rí nǹkan wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1982, ọmọ Nàìjíríà kan tí orúkọ ìjà rẹ̀ ń jẹ́ Young Ali bá Barry McGuigan jà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣubú ní abala kẹfà, ó dákú, kò sì jí mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kejìlá. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìjà tí òfin gbà ni wọ́n jà. Ohun tí mo ń wí ni pé àlàfo tí ó wà láàárín eré àti òkú kò fẹ̀, ẹni tí ó dúró ní igun pẹ̀lú aṣọ ìnura ni ó sì súnmọ́ ọn jùlọ. Ariwo àwọn ènìyàn yóò máa wí fún un pé kí ó jẹ́ kí ìjà máa lọ. Owó yóò wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò wí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tí gbogbo ògo rẹ̀ jẹ́ pé òun kò juwọ́ sílẹ̀ rí ni yóò lè ju aṣọ náà sínú ojú ìjà?

Ṣáńpíọ̀nù wa kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó ń fi pátákó na àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀. Ó ní ìyà ni ó sọ òun di ọkùnrin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan síwájú ẹni tí ó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí àyà rẹ̀ lè le. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni orí fi ń fọ́ ọmọ náà, tí ó ń bì. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹ̀kọ fún àwọn awakọ̀ tírélà, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ó là á já. Àwọn òbí tí wọ́n ti na ọwọ́ sókè wá bá mi pé kí n bá àwọn wá èkejì.

Mo rí i. Ó ń gbé ẹrù ní Tin Can lọ́sàn-án. Bí o bá kọjá ní àgbàlá náà ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ kì yóò gbọ́ ariwo. Ó ti fi ẹfun fa ìlà gígùn kan sílẹ̀, àwọn ọmọ ń rìn lórí rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, láìwọ ìbọ̀wọ́. Òun sì jókòó lórí àga kékeré, ó tẹrí ba, ẹsẹ̀ wọn ni ó ń wò.