Ìfètò Sọ́mọ Bíbí: Bí Olùrànlọ́wọ́ Bá Káwọ́ Kò Ńkọ́?

 

Lẹ́yìn àsálátù ní ọjọ́ Àìkú kan, arábìnrin kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbègbè Diobu ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú Port Harcourt níbí. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí láàárín ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gba àbíkẹ́yìn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tètè lóyún mọ́. Nígbà tí ó padà lọ gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, wọ́n ní ó ti tán, àwọn kò sì mọ ọjọ́ tí òmíràn yóò dé. Ó bi mí pé, "Alájà, ta ni ó ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò san án mọ́?"

Ìbéèrè náà tọ́. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ òògùn ìfètò sọ́mọ bíbí di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ tí ẹnìkan kò sanwó rẹ̀. Owó ìjọba Amẹ́ríkà, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti UNFPA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wà lára ohun tí ó gbé e ró.

Owó àlejò kì í dúró lójú kan. Ní ọdún 1984, ìjọba Ààrẹ Reagan ṣe òfin pé ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá ń ṣẹ́yún, tàbí tí ó bá ń gbani nímọ̀ràn rẹ̀, kò ní rí owó ìfètò sọ́mọ bíbí gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é. Clinton fagi lé e ní 1993, Bush dá a padà ní 2001, Obama fagi lé e ní 2009, Trump dá a padà ní 2017, Biden fagi lé e ní 2021, Trump sì tún dá a padà ní 2025. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà, ní ọdún 2021, gé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 kúrò nínú owó tí wọ́n ṣèlérí fún òògùn UNFPA. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ òkèèrè dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID ti kógbá sílé.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́yún kò bá ẹ̀sìn wa mu." Òtítọ́ ni pé ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health gbé jáde ní 2019, lórí orílẹ̀-èdè 26 nílẹ̀ Áfíríkà, fi hàn pé níbi tí wọ́n gbára lé owó Amẹ́ríkà jù, ìṣẹ́yún fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 pọ̀ sí i nígbà tí òfin náà wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí kò rí ọ̀nà fètò sí ọmọ ni oyún òjijì ń bá.

Fífi àlàfo sáàárín ọmọ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn Sahaabe ṣe àsílì, ìyẹn ni kí ọkùnrin da omi rẹ̀ síta, nígbà ayé Àǹábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Imaamu Al-Ghazali náà fàyè gbà á. Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 233, sọ̀rọ̀ ọdún méjì gbáko fún ọmú ọmọ. Àjọ ìlera àgbáyé náà dámọ̀ràn pé kí ìyá dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún.

Kí ni àwa fúnra wa wá ṣe? Lóòótọ́, àwọn aṣòfin fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera ọdún 2025 láti dí àlàfo tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìnáwó ọdún kan náà, owó ìfètò sọ́mọ bíbí já láti bílíọ̀nù 2.2 náírà ní 2024 sí nǹkan bí mílíọ̀nù 66. Ẹni tí ó gbójú lógún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàálé, ojúṣe yín nìyí. Ẹ fi owó òògùn ìyàwó yín sínú owó oúnjẹ ilé. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ tó pé. Bí abẹ́rẹ́ bá tán, ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìyá tí ó ń fọ́mọ lọ́mú nìkan, tọ̀sán tòru, tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ní ààbò fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kó wá òmíràn. Ẹ sì bi káńsílọ̀ yín léèrè, kó tó di ọjọ́ ìbò, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá.

Arábìnrin yẹn padà wá. Ọkọ rẹ̀ ti san owó òògùn náà níbòmíràn. Ọlọ́hun yóò máa dá ẹ̀mí àwọn ìyá wa sí, àmín. Wassalaam.