Ọ̀dà kì í wo igi tó ti jẹrà sàn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, ẹ gbọ́

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ẹ̀mí wà ńbẹ̀.

Ẹnìkan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkọ̀ igi tí bàbá òun fi sílẹ̀ ti ń jò, owó ò sì sí lọ́wọ́, kí ni kóun ṣe? Èsì tó pọ̀ jù ni pé: "Ra ọ̀dà dúdú, fi kùn ún nínú lóde, kan páànù mọ́ ibi tó bá lu, gbé e padà sómi." Ká má tan ara wa jẹ, irú ìmọ̀ràn yẹn ló ń pa èèyàn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ má sọ pé kí ló kan ará Modákẹ́kẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe gbogbo wa ni oko wa wà lẹ́bàá títì. Àwọn tí abà wọn wà lódìkejì odò Ṣáṣá mọ ohun tí mò ń sọ. Tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá ti gbé afárá onígi lọ, ọkọ̀ ló kù tó ń gbé kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ iléèwé kọjá. Èmi náà ti ṣe é rí. A fi ọ̀dà kun tiwa, ó ń dán bíi bàtà tuntun. Àárín odò la wà tí páànù ìdí ẹ̀ fi tú. Àpò kòkó méjì la jù sómi kí ọkọ̀ má baà rì, ìyá àgbà kan sì di ọrùn mi mú títí a fi gúnlẹ̀. Owó àpò méjì yẹn ì bá ra pátákó àti ìṣó, kó tún ṣẹ́kù.

Ohun tó fà á rèé. Igi tó ń mu omi lónìí, tó ń gbẹ lọ́la, òun ló máa ń tètè jẹrà. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà bò ó, omi inú ẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde, ó á máa rà lọ lábẹ́. Ìṣó tẹ́ ẹ kàn mọ́ igi rírà ò sì rí nǹkan dì mú.

Ẹ wo ọkọ̀ Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ọdún 1987 ni darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga rí i lábẹ́ ilẹ̀. Ó gùn ju mítà 8 lọ, àwọn onímọ̀ sì ní ó ti tó nǹkan bíi 8,000 ọdún. Kì í ṣe ọ̀dà ló gbà á là. Inú amọ̀ tútù tí atẹ́gùn ò dé ló wà látọjọ́ yìí. Torí náà, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọjọ́ orí. Àìtọ́jú ló ń pa ọkọ̀.

Ẹni tówó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é:

1. Ẹ fà á sókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé e lé ìtì igi méjì lábẹ́ ibòji. Oòrùn gangan á mú un sán. Ẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò.

2. Ẹ bu omi sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo abẹ́ ẹ̀. Ibi tó bá ti ń kán, ẹ fi èédú sàmì sí i. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

3. Ẹ da omi nù, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún gbogbo ara ẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́, igi ibẹ̀ ti kú. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò títí ẹ ó fi kan igi tó le. Ẹ má ṣàánú ẹ̀.

4. Ẹ gé ìrókò tàbí ọ̀gànwó tó bá ihò yẹn mu rẹ́gí, kẹ́ ẹ kàn án mọ́ ọn. Ẹ lọ wá àjákù pátákó níbi tí wọ́n ti ń la igi, ó dínwó. Ẹ má lo àràbà, kì í pẹ́ rà. Ìṣó tí kì í tètè dípẹtà ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá ní náírà mẹ́wàá, ẹ ná méje síbí.

5. Ibi tó sán, ẹ tú okùn ara àpò ìdọ̀họ, ẹ rì í bọ ọ̀dà, ẹ fi òòlù kì í wọnú ẹ̀ dáadáa. Ìgbà yìí ni ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò.

6. Ẹ so ó mọ́ etí omi tí kò jìn, ẹ kó àpò yanrìn sínú ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Igi á wú, ojú ibi tó sán á padé. Yanrìn ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọmọ èèyàn.

Àwọn kan ní: "Jó o dànù, lọ ra oní-fáíbà." Fáíbà dáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò rówó pátákó, níbo ló ti fẹ́ rówó fáíbà? Àwọn míì ní ká gé ìrókò míì lulẹ̀. Mélòó ló kù nínú igbó wa? Òótọ́ kan wà ṣá: tí ìdí ọkọ̀ bá ti rà dé ìdajì, ẹ gba kámú, ẹ fi ṣe ọpọ́n oúnjẹ ẹran.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan àwa tí à ń wọ̀ ọ́. Gbogbo abà ń fi ọkọ̀ kan kọjá, ẹnìkan ṣoṣo la fẹ́ kó tún un ṣe. Tó bá fi ọ̀dà kùn ún tán, a ó ní ó gbìyànjú. Ahun nìyẹn, kì í ṣe òṣì. Kí oníkálukú yọ díẹ̀ nínú owó kòkó tó bá kọ́kọ́ tà. Ẹ sì rántí Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwárà, oṣù kẹfà ọdún 2023: ọkọ̀ tó ń kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ dà lódò Ọya, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Èrò ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ tún ṣe dáadáa náà ò ní kó má rì tẹ́ ẹ bá kó àpọ̀jù ẹrù sí i.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ìdí ọkọ̀ tiẹ̀ wò. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀. Ire o.