Ọwọ́ Aṣòfin ni Ààlà Owó Orí Ilé Wà

Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò díye lé ilé aládàáni, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò sì pinnu owó orí tí wọn yóò gbà lórí rẹ̀. Bí owó ilé bá di ìlọ́po mẹ́ta ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá káńsù nìkan lẹ́bi.

Ilé kì í ṣe owó ọwọ́. Ilé ẹbí kan ní Oǹdó, tí arúgbó méjì ń gbé láìgba owó háyà, lè gbówó lórí nítorí títì tuntun tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tìtorí ìyẹn fi kọ́bọ̀ kan pọ̀ sí i.

Èkó ti jẹ ìyà yìí rí. Ọdún 2018 ni ìjọba fi kún owó ìlò ilẹ̀. Ariwo ta, wọ́n dín in kù. Ní 2020, ìjọba mìíràn dá iye rẹ̀ padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Àwọn kan ní ààlà yóò febi pa káńsù. Irọ́ ni! Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó káńsù láti Àbújá máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìyẹn. Kí àwọn aṣòfin Oǹdó sì kọ ọ́ sínú òfin pé àfikún owó orí ilé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ lọ́dún.