Ẹ̀rọ Àlòkù àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́



Ní ọjọ́ tí a sọ ẹ̀rọ mílìn kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìlọrin, kò pẹ́ tí ìyá kan ní àdúgbò wa fi gbé abọ́ ata wọlé. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ kú oríire o. Èló ni ẹ ó máa gbà lórí abọ́ kan?" Gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín, òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní ọkàn mi. Ní ìlú tí ó tóbi tó tiwa yìí, bí a bá dárúkọ mílìn, ata àti àgbàdo ni ó ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ kò sí nínú ohun tí ojú wa mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ọ̀bẹ irin líle tí ó ní ehín púpọ̀ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, tí ń yí bíríbírí. Irin tí a fẹ́ gé ni a ó dè mọ́ orí tábìlì lábẹ́ ọ̀bẹ náà. A ó sì máa fi ọwọ́ yí tábìlì lọ sí ọ̀tún, sí òsì, síwájú, sẹ́yìn, títí ọ̀bẹ yóò fi fá irin náà dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Òun ni a fi ń gé ehín gíà, òun ni a fi ń la ojú tí kíì yóò jókòó sí lára ṣáàfù. Joseph Brown, ará Providence ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí ó lè gé irin ní ìhà gbogbo ní 1862, nítorí pé ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbẹ́ ojú lílọ́ sára irin tí a fi ń lu ihò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, pàápàá àwọn tí ń kọ́ olùkọ́, kò gbọdọ̀ jókòó máa dúró de ẹ̀rọ titun. Kí wọ́n ra àlòkù tí ó ti bàjẹ́, kí títún un ṣe sì jẹ́ ẹ̀kọ́ náà gan-an.

Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí a kó ẹ̀rọ titun wá fún. Àwọn aláṣẹ wá, a ya fọ́tò, a sì ti ilẹ̀kùn. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ta ni yóò san án? Ẹ̀rọ titun a máa dẹ́rù ba olùkọ́ ju ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ta ni yóò bá ọmọ wí pé ó tú u?

Owódé Onírin ní Èkó ni mo ti ra tèmi, láàrin àwọn tí a kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Níwọ̀n bí ẹ̀rù rẹ̀ ti pọ̀ lókè, a dorí rẹ̀ kodò, a sì rọ tábìlì rẹ̀ wá sílẹ̀ pátápátá, kí ó má baà ṣubú lójú ọ̀nà. Orí páìpù irin ni a fi yí i wọlé. A ti da kọnkéré tí ó nípọn sílẹ̀ dè é fún ọjọ́ 28, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí ń ràn mí lọ́wọ́ kò fẹ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn mú sáńdípépà wá láti fi bó ìpẹtà rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Ojú irin tí tábìlì ń rọ́ lé lórí ni ẹ̀mí ẹ̀rọ náà. Bí iyanrìn sáńdípépà bá wọ ibẹ̀, yóò máa jẹ irin lọ ni. Kẹrosíìnì, àkísà àti sùúrù ni a fi fọ̀ ọ́.

Mọ́tò rẹ̀ ń fẹ́ iná fésì mẹ́ta, fésì kan ṣoṣo ni ó sì wọ ilé mi. A ra àpótí tí ń sọ fésì kan di mẹ́ta, a sì tún okùn mọ́tò náà so kí ó lè gba fóltì 230 dípò 415. (Ẹni tí yóò ra ti Amẹ́ríkà kí ó rántí pé iná wọn yàtọ̀ sí tiwa: 60 ni tiwọn, 50 ni tiwa, mọ́tò náà yóò sì falẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà.)

Ọkùnrin tí ó ni ẹ̀rọ ìlọta ní òpópó wa, tí ó ti ń fi ojú ọ̀tá wò mí láti ọjọ́ abọ́ ata, ni ó gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá: kí a la ojú kíì titun sára ṣáàfù rẹ̀. A là á, a gba owó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó gbé e padà, tí kíì náà ti ń mì jìgìjìgì nínú ihò rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi wò ó," ó sì lọ. Ìbá sàn fún mi kí ó bú mi.

Ibi tí àṣìṣe náà wà ni èyí. Nọ́ọ̀tì tí ń ti tábìlì náà ti jẹ; bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ padà, yóò kọ́kọ́ yí lásán kí tábìlì tó gbéra. Bí irú èyí bá wà, ọ̀nà tí ehín ọ̀bẹ yóò gbà máa dojú kọ irin tí ń bọ̀ ni kí a fi gé e. Àwa gba òdìkejì: ehín fa irin mọ́ra, tábìlì fò, ọ̀bẹ sì ha ẹ̀gbẹ́ ojú náà ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àbùkù yìí nínú ìdánwò, wọ́n sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ọwọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ìyí-asán rẹ̀ mà pọ̀ o!" Láti ìgbà náà, ìyí-asán ni a ń pè é, mo sì fi orúkọ náà lọ ẹ̀yin tí ń kọ́ni.

Àwọn kan ń wí pé pàǹtírí òyìnbó ni gbogbo àlòkù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nípa fíríìjì àti nípa táyà. Ṣùgbọ́n irin dídà tí ó nípọn kì í tètè gbó, ibi tí ó ti jẹ sì ṣeé fá dọ́gba padà. Kí ẹni tí ń rà kọ́kọ́ wá ojú sísán kiri. Bí ó bá rí i, kí ó máa lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fún ìdè tábìlì díẹ̀ ní àárín, kí ó sì yí i lọ sí ìpẹ̀kun. Bí ó bá le ní ìpẹ̀kun tí ó sì dẹ̀ ní àárín, àárín ni ó ti jẹ. Kí ó dín owó rẹ̀ kù tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ṣé sípíríǹgì mọ́tò tí ó ti kán kọ́ ni àwọn àgbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá?

Bí ẹ bá sì rò pé àlá tíṣà ni mo ń lá, ẹ wo Suame ní ìlú Kumasi, ní Gánà. Yunifásítì ibẹ̀ dá ibùdó ìmọ̀ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní 1972, wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ sí àárín àwọn mẹkáníìkì ní 1980. Ẹ̀rọ àlòkù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó wá, tí wọ́n sì tà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti kọ́ ọ, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìjọba wa náà kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí sí Òṣogbo ní àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí yóò ra ẹ̀rọ náà kò bá mọ ìdí rẹ̀, ta ni ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa tà á fún?

A ti da nọ́ọ̀tì titun, idẹ ni a fi ṣe é. A fún àwọn ìdè tábìlì, a sì fi díálì tún orí ẹ̀rọ náà gbé dúró títí abẹ́rẹ́ díálì kò fi yẹ̀ ju ìdá 2 nínú 100 mìlímítà lọ bí a ti ń yí i ká orí tábìlì. A ra irin ṣáàfù mìíràn fún ọkùnrin náà láti inú àpò mi, a tún un là. Ó ti ń lọ ata láti oṣù mẹ́rin. Béárì òkè ń dún síbẹ̀ bí ó bá ń sáré. A ó tú u nígbà ìsinmi.