Bí ilé ọtí bá ń kógbá sílé ní Ireland, níbo làwọn àgbà yóò jókòó sí?

Bí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ Ireland létí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ọtí dúdú táwọn ọ̀mu ń pè ní 'Odeku' ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Kò burú. Ìlú Dublin ni Arthur Guinness ti dá iléeṣẹ́ ìpọntí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1759, kó tó di pé wọ́n ń pọn ọtí náà n'Íkẹjà láti ọdún 1962. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé torí ọtí nìkan làwọn ará Ireland ṣe ń lọ sílé ọtí wọn, tí wọ́n ń pè ní 'pub', kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ní ìgbèríko ibẹ̀, ilé ọtí ni gbọ̀ngàn ìlú. Ibẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ti ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta màlúù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yà sí lẹ́yìn ìsìnkú láti bá ẹbí olóògbé kẹ́dùn. Nílùú Fethard, ní Tipperary, àwọn tó ni ilé ọtí McCarthy's náà ló tún ń bá àwọn èèyàn sin òkú wọn. Ní Dingle, bí Foxy John's ṣe ń ta ọtí ló ń ta ìṣó àti òòlù.

Láti ọdún 2005, ilé ọtí tó ju 2,000 lọ ló ti kógbá sílé ní Ireland, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣòwò ọtí níbẹ̀ ṣe kà á. Ọ̀pọ̀ onílé ọtí ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òfin. Lọ́dún 2004, Ireland di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de sìgá mímu ní gbogbo ibi iṣẹ́, títí kan ilé ọtí. Lọ́dún 2011, wọ́n dín ìwọ̀n ọtí tí awakọ̀ lè ní nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Nígbà tó sì di 2018, wọ́n ní ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n náà, bó ti wù kó kéré mọ, kò ní wakọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Òfin wọ̀nyí dára. Ẹni tí ọ̀mùtí fi ọkọ̀ pa kò tún ní jókòó níbì kankan mọ́ láyé. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ ìjọba pé kó dẹ òfin náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ wo bàbá arúgbó tó ń dá gbé lóko, tí kò ní aya, tí kò bímọ. Ife kan tàbí méjì ló ń lọ mu lálẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni ló ń wá. Bí kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, ẹnìkan yóò lọ wò ó nílé. Ní báyìí, ọtí tó rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ló ń dá mu nínú yàrá, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó tó. Lóòótọ́, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọtí pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n òfin iye owó kì í báni tàkúrọ̀sọ.

Ohun tó kù kò le. Lọ́dún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì Local Link gbé àwọn ará abúlé kan lálẹ́. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé gbogbo abúlé. Níbi tí ilé ọtí bá sì ti kógbá sílé, kí ìlú ṣí ibòmíràn tí iná yóò máa jó, tí tíì yóò wà nínú ife. Láti ọdún 1898 ni ẹgbẹ́ Pioneer, ti àwọn Kátólíìkì tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí, ti wà ní Ireland. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jókòó sílé ọtí láàárín àwọn tó ń mu, tí wọ́n á sì gbádùn ara wọn. Èyí fi hàn pé ọtí kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ènìyàn laṣọ ẹni, kò sì yẹ kí ìlú wo àwọn àgbà rẹ̀ níran kí wọ́n máa dá wà ní ìhòòhò.