Ilẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Òjò Dídì

Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jọ̀wọ́ ṣe sùúrù fún mi lóṣù yìí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ yín tí wọ́n bá ọkọ lọ sí Chicago, Minneapolis àti Toronto ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀ lè mọ́ kí òjò dídì ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà, kí baálé ilé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, kí àwọn ọmọ sì fẹ́ lọ sí ilé ìwé. Ìyá wọn ni yóò ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní snowblower jáde. Abẹ́ irin tó ń yí ni ẹ̀rọ yìí fi ń wọ́ òjò dídì sínú, tí yóò sì tú u dànù láti ẹnu ihò gíga kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn nǹkan olówó pọ́ọ́kú sára rẹ̀, kí ìwọ̀nyí lè máa jẹ tàbí kí wọ́n kán, kí ohun olówó ńlá má baà bàjẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì ba ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ méjì tó dà bí bàtà. Àwọn ló gbé ẹnu ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ tán, ẹnu ẹ̀rọ yóò máa ha kọnkéré títí yóò fi lá a ní ilà. A lè tú bóòtù wọn láti gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè tàbí láti sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí kọnkéré tàbí ọ̀dà tó tẹ́jú, àlàfo nǹkan bíi mìlímítà 3 ti tó, ìyẹn ìwọ̀n owó ẹyọ sẹ́ǹtì méjì tí a gbé lé ara wọn. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, kí ó ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, bí ẹ kò bá fẹ́ kí òkúta fò lọ fọ́ fèrèsé aládùúgbò. Bí ó bá jẹ́ pé bíríkì ni ẹ tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ra bàtà oníke dípò ti irin. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi rọ́bà gbá ilẹ̀ kò ní bàtà rárá. Rọ́bà náà ni ẹ ó máa pààrọ̀, ẹ má sì gbé e dé orí òkúta wẹ́wẹ́.

Nínú ẹ̀rọ ńlá, bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so abẹ́ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí abẹ́ bá kọ lu yìnyín líle tàbí ìwé ìròyìn tó dì mọ́lẹ̀, bóòtù yìí yóò kán. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ẹ̀yin náà mọ fíúsì iná, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilé ẹni tó bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀. Bóòtù líle tí ẹ bá ṣà nínú àpótí irinṣẹ́ ọkọ yín kò ní kán, àpótí jíà ni yóò fọ́. Irú èyí tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ gan-an ni kí ẹ rà.

Ìka ọwọ́ ni a kì í rí rà. Òjò dídì tó rin máa ń dí ihò ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fara pa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró kí ohun gbogbo pa rọ́rọ́, kí ẹ sì fi igi gún un. Bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú, agbára lè ṣì há sára abẹ́, tí yóò ta lójijì bí ìdènà bá ti kúrò. Ẹ so ìborùn yín mọ́ra, kí àwọn ọmọ sì wà nínú ilé. Ti èéfín rẹ̀, bí ẹ ti ń ṣe sí jẹnẹrétọ̀ ni: ẹ má ṣe tan án nínú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí.

Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ ń yọ́ yìnyín, omi rẹ̀ a wọ inú kọnkéré, a sì tún dì lóru. Bí omi bá dì, ó ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Báyìí ni ojú kọnkéré ṣe ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Kọnkéré tuntun kò gbọdọ̀ rí iyọ̀ ní ìgbà òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́. Iyanrìn ni kí ẹ fọ́n síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ajílẹ̀ tó ní ammonium nínú burú ju iyọ̀ lọ. Bí òtútù bá sì lọ sí ìsàlẹ̀ 15 nínú ìwọ̀n Fahrenheit, iyọ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe mọ́, ẹ kàn ń fi owó ṣòfò ni. Ẹ tètè kó òjò dídì kí ẹsẹ̀ àti mọ́tò tó tẹ̀ ẹ́ di yìnyín, ẹ kò ní nílò iyọ̀ púpọ̀.

Ní oṣù Kẹrin, ẹ fa epo pẹtiróòlù tó kù jáde, nítorí epo tó bá ju oṣù kan lọ ti ń bàjẹ́, yóò sì dí kabùrétọ̀. Ẹ pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún wo bàtà irin náà. Púpọ̀ nínú wọn ni a lè dojú rẹ̀ dé kí a lo ìhà kejì. Ẹ sì ra bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún pamọ́ nígbà ooru, kí gbogbo àdúgbò tó máa wá a.