Lẹ́tà Mẹ́ta tí Michigan Yọ

Ẹni tó bá ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ẹ̀kọ́ gírámà ṣe, ẹ ní kó lọ wo òfin ọkọ̀ títà ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2014, àwọn aṣòfin ibẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò nínú gbólóhùn kan, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ Tesla.

Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ta ọkọ̀ tuntun fún oníbàárà àfi nípasẹ̀ àwọn alágbàtà rẹ̀. "Its" ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ "rẹ̀" yẹn. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ̀yán kékeré yìí ń ṣe. Ẹni tó bá sọ pé "àwọn alágbàtà rẹ̀" ti gbà pé ilé iṣẹ́ náà ní alágbàtà. Ford ní. General Motors ní. Tesla, tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, kò ní ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tà á, nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ "rẹ̀", alágbàtà èyíkéyìí ló kù, ẹni tí kò ní alágbàtà rí sì ti bọ́ sínú òfin.

General Motors, tó fi Detroit ṣe ilé, ti àbá náà lẹ́yìn. Gómìnà Rick Snyder buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹwàá, ó ní kò yí nǹkan kan padà, pé èèwọ̀ ni irú ọjà títà bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìnwá. Èmi ò gbà. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, kí ni wọ́n ń yọ ọ́ fún? (Ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti kọ́ wa nìyẹn.)

Mi ò sọ pé òfin náà kò nídìí o. Alágbàtà á ra ilẹ̀, á kọ́lé, á gba òṣìṣẹ́, á fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọkọ̀ Ford di ohun tí aráàlú mọ̀. Bí Ford bá wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Massachusetts sọ pé tìtorí irú èyí ni òfin tiwọn ṣe wà: láti gba alágbàtà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fún un lọ́jà, kì í ṣe lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí kò bá a dòwò pọ̀. Wọ́n da ẹjọ́ tí àwọn alágbàtà pe Tesla nù. "Rẹ̀" ni wọ́n dì mú, bí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Scout, ilé iṣẹ́ tí Volkswagen dá sílẹ̀, ní òun náà á máa ta ọkọ̀ òun fúnra òun. Àwọn alágbàtà Volkswagen kan ti gba kóòtù lọ. Ó tó kí wọ́n bínú, torí ilé iṣẹ́ tó ní wọn ní alágbàtà ló fẹ́ fò wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ tí Michigan yọ yẹn gan-an ni ìbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀ràn tiwọn àti ti Tesla.

Tesla pe Michigan lẹ́jọ́ lọ́dún 2016. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni wọ́n tó parí rẹ̀: ará Michigan lè ra Tesla, wọ́n lè gbé e wá bá a nílé, wọ́n sì lè tún un ṣe níbẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ni ìwé ọkọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di tirẹ̀.